Ọdẹ elk lórí òkè Colorado: báwo ni kí n ṣe múra ara sílẹ̀ kí oṣù kẹwàá tó dé?

Ọmọ Ìsẹ́yìn, Houston

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Èmi àti àwọn mẹ́ta kan níbi iṣẹ́ ti rí ìwé àṣẹ gbà láti ṣọdẹ elk ní Colorado, ní sáà ìbọn àkọ́kọ́, àárín oṣù kẹwàá. Flat Tops Wilderness là ń lọ. Àwọn mẹ́ta yẹn ti lọ rí, èmi nìkan ni mi ò débẹ̀ rí. Wọ́n ní ibi tí a máa pàgọ́ sí ga tó 10,000 ẹsẹ̀ bàtà, ẹsẹ̀ la ó sì fi rìn wọ igbó tòun ti ẹrù lẹ́yìn.

Ọmọ ọdún 41 ni mí. Ìdí kọ̀ǹpútà ni mo máa ń wà látàárọ̀ dalẹ́. Mò ń lọ sí jíìmù lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, mo sì ń gbé irin dáadáa, àmọ́ gbogbo Houston ló tẹ́jú pẹrẹsẹ, kò sí òkè tí èèyàn lè gùn. Ọ̀sẹ̀ 16 ló kù. Kí ni kí n máa ṣe, kí sì ni kí n jáwọ́ nínú rẹ̀?

Ọmọ Ìbàdàn nílé

Ẹ dákun, irú ẹranko wo ni elk?

Àkànní Òkè Ògùn, Denver

Ìbátan àgbọ̀nrín ni, àmọ́ ó tóbi jù ú lọ fíìfíì. Akọ tó ti gbó máa ń tó 700 páùn, ìyẹn lé ní 300 kílò. Abo máa ń tó 500 páùn. Colorado níbí ni wọ́n pọ̀ sí jù ní gbogbo Amẹ́ríkà.

Ọmọ Ìsẹ́yìn, o káre. Ọmọ ọdẹ lèmi náà. Bàbá mi fi iná ọdẹ wọ igbó Òkè Ògùn títí àgbà fi dé sí i, èmi sì ti ń dẹ àwọn òkè níbí láti ìgbà tí mo ti dé Denver. Jẹ́ kí n fi ibi tí iṣẹ́ wà hàn ọ́, torí ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé rírí ẹran àti yíyìnbọn fún un ni. Ìgbà tí ẹran bá ṣubú ni iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Tí o bá kun akọ elk, tí o yọ egungun rẹ̀ kúrò, ẹran tó máa kù nílẹ̀ á tó nǹkan bí 200 páùn, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí ara rẹ̀ múra lè gbé 50 sí 60 páùn lẹ́ẹ̀kan lórí òkè láìṣe ara rẹ̀ léṣe. Ẹrù mẹ́rin nìyẹn. Ká ní ibi tí ẹran wó sí jìn sí àgọ́ ní máìlì mẹ́ta, ẹnì kan ṣoṣo á rin máìlì 21 kó tó kó o dé àgọ́ tán: 12 pẹ̀lú ẹrù lẹ́yìn, 9 lọ́wọ́ òfo. Ẹ̀yin mẹ́rin lẹ jọ ń lọ, ìyẹn á dín in kù, àfi tí ẹ̀yin méjì bá pa ẹran lọ́jọ́ kan náà.

Flat Tops kì í sì í ṣe igbó lásán. Wilderness ni, òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 1964 ló ń dáàbò bò ó, wọn kì í jẹ́ kí ohun tó ní táyà wọ ibẹ̀. Kì í ṣe mọ́tò àti alùpùpù nìkan, títí kan ọmọlanke kékeré tí àwọn èèyàn fi ń fa ẹran. Ẹ̀yìn èèyàn tàbí ẹ̀yìn ẹṣin ló kù. Òfin Colorado tún ní o ò gbọdọ̀ fi ẹran tó ṣeé jẹ sílẹ̀ kó jẹrà sínú igbó. Nítorí náà, kó o tó nàbọn sí elk, kó o ti mọ̀ dájú pé agbára rẹ ká a láti gbé e jáde. Ẹni tí kò bá lè gbé e, kó má yìnbọn fún un.

Ọ̀rọ̀ atẹ́gùn náà wà níbẹ̀. Imú elk mú gan-an. Ní ìdájí tí ilẹ̀ ṣì tutù, atẹ́gùn máa ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè. Tí oòrùn bá ti mú ilẹ̀ gbóná, á yí padà, á máa gòkè. Ọdẹ tó mọṣẹ́ á wà nísàlẹ̀ wọn ní ìdájí, á sì ti gba ẹ̀gbẹ́ yí lọ sókè wọn kí oòrùn tó mú. Yíyí yẹn lè mú ọ gun 1,000 ẹsẹ̀ bàtà nínú òkùnkùn, láìsí ọ̀nà tó là. Ẹni tó bá ti rẹ̀ máa ń gba ibi tó rọ̀ ọ́ lọ́rùn, elk á sì gbóòórùn rẹ̀ kó tó fojú kàn án.

Ẹlẹ́sẹ̀ Líle, Houston

Ẹ ṣé, bàbá. Ọmọ Ìsẹ́yìn, Houston lèmi náà wà, iṣẹ́ mi ni láti máa kọ́ èèyàn ní eré ìmárale. Àìsí òkè ò ní kó o má múra. Ọ̀sẹ̀ 16 tó, tó o bá bẹ̀rẹ̀ lọ́la.

Kọ́kọ́ lọ ra báàgì tó o máa gbé lọ gan-an, èyí tó ní férémù àti bẹ́líìtì ìbàdí. Má dúró di oṣù kẹsàn-án. Ju àpò ìrẹsì 20 páùn láti ṣọ́ọ̀bù àwọn èèyàn wa sínú rẹ̀, kó o fi aṣọ há a kó lè wà lókè, kó sì lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn rẹ ní àárín èjìká. Di bẹ́líìtì náà lórí egungun ìbàdí, kì í ṣe lórí ikùn, kó lè jẹ́ pé ìbàdí ló gba púpọ̀ nínú ẹrù náà. Rìn fún wákàtí kan lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, lópin ọ̀sẹ̀ kó gùn díẹ̀ sí i. Ìrìn tó ṣì jẹ́ kó o lè bá ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ sọ̀rọ̀ ni o. Tó o bá ti ń mí hẹlẹhẹlẹ, dín ẹsẹ̀ kù. Máa fi 5 páùn kún un lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kó o sì fi gbogbo ọ̀sẹ̀ kẹrin-kẹrin sinmi pẹ̀lú ẹrù fúyẹ́. Tó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹwàá, wàá ti dé 50 páùn. Dúró síbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì tó kẹ́yìn, dín gbogbo rẹ̀ kù kí ara lè tù ọ́ kó o tó gbéra.

Fún gígun òkè, wá ilé ìgbọ́kọ̀sí alájà púpọ̀, Houston kún fún un. Bọ́ síbẹ̀ ní ìdájí kí oòrùn tó là, ooru ìlú yìí kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi ṣeré. Gálọ̀nù omi kan lé ní 8 páùn. Gbé gálọ̀nù mẹ́ta gòkè nínú báàgì, dà á nù lókè pátápátá, kó o sọ̀ kalẹ̀ lófìfo. Orúnkún ló ń jìyà nígbà ìsọ̀kalẹ̀, torí náà jẹ́ kó ráyè lágbára fún oṣù méjì àkọ́kọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, má da omi náà nù mọ́, gbé e sọ̀ kalẹ̀.

Ohun kan wà tí mi ò rí kí àwọn tó ń gbé irin máa ṣe, òun ló sì wúlò jù fún ìrìn àjò yìí. Dúró sórí àtẹ̀gùn tó kángun sílẹ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀tún lórí àtẹ̀gùn, ti òsì nínú afẹ́fẹ́ níwájú. Fi ẹsẹ̀ ọ̀tún yẹn rọra sọ gbogbo ara rẹ kalẹ̀, máa kà á: ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, títí gìgísẹ̀ òsì á fi kan ilẹ̀ fẹ́ẹ́. Má fara lé e. Dìde padà. Wo orúnkún ọ̀tún rẹ dáadáa bó o ṣe ń lọ sílẹ̀: kò gbọdọ̀ yẹ̀ sínú, ọ̀gangan ìka ẹsẹ̀ kejì ni kó dojú kọ. Tó bá ń yẹ̀, àtẹ̀gùn náà ga jù fún ọ, wá èyí tó kéré. Mẹ́jọ fún ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, lẹ́ẹ̀mẹta, ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀. Iwájú itan á ro ọ́ lọ́jọ́ kejì. Isan yẹn ló máa dá ẹ dúró tó o bá ń gbé itan elk sọ̀ kalẹ̀ nínú igi tó ti wó.

Irin tó ò ń gbé, má jáwọ́ nínú rẹ̀, àmọ́ yí i padà: ìjókòó-dìde, fífi ẹsẹ̀ kan gun àpótí, gbígbé ohun wíwúwo láti ilẹ̀, ikùn àti ẹ̀yìn. Àyà àti apá lè dúró ná.

Asáré Atlanta

Ní tèmi o, eré sísá ni. Máìlì márùn-ún lójoojúmọ́, ẹ̀dọ̀fóró á là, òkè ò ní jẹ́ nǹkan kan.

Ẹlẹ́sẹ̀ Líle, Houston

Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n, mi ò lè gbà fún yín níbẹ̀. Eré orí títì tó tẹ́jú ò kọ́ ẹsẹ̀ béèyàn ṣe ń ru ẹrù gun ibi tó dà gẹ̀rẹ́, ẹni ọdún 41 tó sì ti ń jókòó sídìí kọ̀ǹpútà tipẹ́, tó bá bẹ̀rẹ̀ máìlì márùn-ún lójoojúmọ́ lójijì, ojúgun àti orúnkún ló máa kọ́kọ́ ké. Eré ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ dára. Ìrìn pẹ̀lú ẹrù ni iṣẹ́ gan-an.

Nọ́ọ̀sì Aurora

Mo ti ń ka gbogbo ohun tẹ́ ẹ ń sọ, ó dára púpọ̀, àmọ́ ẹnikẹ́ni ò tíì bi í ní ìbéèrè tó ṣe kókó jù fún àwa. Àbúrò mi, ṣé o mọ genotype rẹ? Kì í ṣe èyí tí wọ́n kọ fún ọ nígbà tó o fẹ́ wọ sẹ́kọ́ńdìrì. Lọ tún un ṣe níbí.

Nínú àwa ọmọ Nàìjíríà, nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin tàbí márùn-ún ló jẹ́ AS. AS kì í ṣe àìsàn, kì í sì í ṣe fòníkú-fọ̀ladìde. Ọ̀pọ̀ ẹni tó jẹ́ AS ti gun òkè, tí nǹkan kan ò ṣe wọ́n. Ṣùgbọ́n níbi tí afẹ́fẹ́ ti fẹ́lẹ́, tí èèyàn tún ń lo agbára, tí omi ara rẹ̀ ti gbẹ, ẹ̀jẹ̀ AS lè ká, kó dí ojú ọ̀nà tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí spleen, ẹ̀yà ara kan tó wà lábẹ́ egungun ìhà lápá òsì. Ibẹ̀ ni ìrora á ti bẹ̀rẹ̀, ó lè gun èjìká òsì, èébì á máa gbé èèyàn, ibà lè tẹ̀ lé e. Àwọn kan á rò pé inú ń run àwọn, wọ́n á wá lo oògùn inú rírun, wọ́n á máa gun òkè lọ. Ewu ńlá ni.

Ryan Clark, tó gbá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà fún Pittsburgh Steelers, AS ni. Lẹ́yìn ìdíje kan tó gbá ní Denver níbí ní 2007, àìsàn dá a dùbúlẹ̀, wọ́n yọ spleen rẹ̀, wọ́n sì yọ àpò òróòro rẹ̀. Nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ tún ń bọ̀ ní Denver ní oṣù kìíní 2012, kóòṣì wọn ò jẹ́ kó gbá a. Ọkùnrin tó ń fi eré ìdárayá jẹun ni o, ara rẹ̀ le ju ti gbogbo wa lọ. Denver sì jẹ́ 5,280 ẹsẹ̀ bàtà péré. Ìlọ́po méjì rẹ̀, ó kù díẹ̀, ni ibi tẹ́ ẹ fẹ́ sùn sí. Láti 2010 ni NCAA, àjọ tó ń darí eré ìdárayá àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà, ti ní kí gbogbo yunifásítì tó wà ní Division I, ìpele tó ga jù, yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn eléré wọn wò fún AS. Ẹni tó bá jẹ́ SS tàbí SC tó ń ka èyí, jọ̀ọ́, má gbèrò òkè yìí láìjẹ́ pé ìwọ àti dókítà ẹ̀jẹ̀ rẹ ti jókòó sọ ọ́.

Bí wọ́n bá ń gba ẹ̀jẹ̀ rẹ, kí dókítà yẹ ìfúnpá rẹ àti ọkàn rẹ wò. O ti lé ní ogójì, orí ìjókòó lo ti ń ṣiṣẹ́.

Wàyí o, àìsàn òkè. Ní 10,000 ẹsẹ̀ bàtà, ọ́síjìn tó ò ń rí nínú èémí kọ̀ọ̀kan á fi nǹkan bí 30 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí ti Houston. Ara líle ò dènà rẹ̀. Nígbà míì ẹni tí ara rẹ̀ le jù ló máa ń tètè gòkè jù, tó sì ń jìyà jù. Tí orí bá ń fọ́ ọ, tí èébì ń gbé ọ, tí oúnjẹ ò wù ọ́, má gòkè sí i lọ́jọ́ yẹn. Tó o bá ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ tó o bá ń rìn, tàbí èémí ò délẹ̀ nígbà tó o jókòó jẹ́ẹ́, tàbí o ń wúkọ́ tó ń mú ìfófòó jáde, kí wọ́n gbé ọ sọ̀ kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ì báà jẹ́ òru. Oògùn kan wà, acetazolamide, tí dókítà lè kọ fún ọ láti dènà rẹ̀. Bi í léèrè. Má mu ọtí ní àwọn alẹ́ àkọ́kọ́.

Ọmọ Ìsẹ́yìn, Houston

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣeun gan-an ni. AA ni wọ́n kọ fún mi nílé nígbà náà. Màá lọ tún un ṣe lọ́sẹ̀ yìí. Ta ló lè sọ fún mi nípa bàtà?

Ìyá Ìbejì, Colorado Springs

Èmi kì í ṣọdẹ, ọkọ mi ló ń lọ, àmọ́ gbogbo òkè àyíká ibí lèmi àti rẹ̀ jọ ń gùn, ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ yé mi.

Ra bàtà náà báyìí, kó fi díẹ̀ tóbi ju nọ́ńbà rẹ lọ, torí ẹsẹ̀ máa ń wú tó bá di ọ̀sán, àwọn ìka á sì máa gbá iwájú bàtà nígbà ìsọ̀kalẹ̀. Gé èékánná ẹsẹ̀ rẹ mọ́lẹ̀. Wọ̀ ọ́ nígbàkígbà tó o bá ń ru ẹrù rìn ní Houston. Sokísì onírun àgùntàn ni kó o lò, má lo ti òwú, torí ti òwú máa ń mu omi, ẹsẹ̀ á sì lé ròrò. Ibi tó bá ti ń gbóná ní gìgísẹ̀, dúró níbẹ̀ kó o lẹ téèpù mọ́ ọn, ì báà jẹ́ pé àwọn yòókù ń pè ọ́. Mú ọ̀pá ìrìn méjì dání. Àwọn ọkùnrin kan rò pé ti arúgbó ni, ṣùgbọ́n tó bá di pé ẹrù wà lẹ́yìn, tí ilẹ̀ sì ń yọ̀, ẹsẹ̀ mẹ́rin sàn ju méjì lọ.

Tó o bá tètè dé, wá gbìyànjú Manitou Incline lọ́dọ̀ wa níbí. 2,768 ni àtẹ̀gùn rẹ̀, ó ń gòkè tó nǹkan bí 2,000 ẹsẹ̀ bàtà láìtó máìlì kan. Ọ̀fẹ́ ni, àmọ́ èèyàn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbàyè sílẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Barr Trail ni kó o gbà sọ̀ kalẹ̀. Àmọ́ má ṣe é lọ́jọ́ tó o dé. Ohun tí Nọ́ọ̀sì sọ yẹn kì í ṣe àwàdà.

Ohun míì tí ọkọ mi máa ń ṣe: á sáré gun àtẹ̀gùn ilé wa lẹ́ẹ̀mélòó kan, á wá gbé ìbọn tí kò sí ọta nínú rẹ̀, á nà án sí àmì kan, á dúró kí èémí rẹ̀ tó jáde tán kó tó tẹ̀ ẹ́. Elk kì í dúró kí àyà ọdẹ tó balẹ̀.

Ọmọ Ìbàdàn nílé

Kí lẹ máa ń jẹ lókè lọ́hùn-ún? Ṣé gaàrí lè débẹ̀?

Àkànní Òkè Ògùn, Denver

Gaàrí wà nínú báàgì mi lọ́dọọdún. Ó fúyẹ́, kì í bàjẹ́, kò fẹ́ iná, omi tútù ti tó o. Kúlíkúlí àti ẹ̀pà ló ń fún un ní agbára. Ṣin-ṣín náà dára, ó máa ń wà lápò mi. Má gbé ẹ̀wà tàbí ìrẹsì tútù lọ, torí lórí 10,000 ẹsẹ̀ bàtà, nǹkan bí 90°C ni omi ti ń hó, wàá kàn máa sun gáàsì dànù ni. Omi odò tó mọ́ lójú yẹn náà, sẹ́ ẹ pẹ̀lú ẹ̀rọ asẹ́mi kó o tó bu ú sí gaàrí. Kòkòrò giardia wà nínú rẹ̀. Oúnjẹ kì í wu èèyàn lókè, jẹun bí ò tiẹ̀ wù ọ́.

Ọmọ Ìsẹ́yìn, Houston

Èsì àyẹ̀wò mi ti jáde. AS ni mí. Gbogbo ọdún wọ̀nyí ni mo ti ń sọ fún èèyàn pé AA ni mí. Ìfúnpá mi dára, dókítà sì ní ọkàn mi dára. Ẹrù tí mò ń gbé ti dé 30 páùn báyìí, orúnkún kò dùn mí. Ṣé kí n fi ìrìn àjò yìí sílẹ̀ ni?

Nọ́ọ̀sì Aurora

O ṣeun tó o lọ ṣe é. Fún ìyàwó rẹ àti àwọn ọmọ náà, ó dára kí ẹ ti mọ̀.

Èmi ò ní sọ pé kó o má lọ. Jókòó ti dókítà, sọ ibi tó o ń lọ, bó ṣe ga tó, àti ohun tó o máa gbé, kó fọwọ́ sí i tàbí kó má fọwọ́ sí i. Tó bá fọwọ́ sí i, ìyàtọ̀ rèé láàárín ìwọ àti àwọn mẹ́ta yẹn: ìwọ ò gbọdọ̀ sáré bá ẹnikẹ́ni du òkè. Ìrìn tó ò ń rìn ní Houston, èyí tó o fi lè máa sọ̀rọ̀ yẹn, òun ni wàá máa rìn lókè. Mu omi kí òǹgbẹ tó gbẹ ọ́, torí afẹ́fẹ́ òkè gbẹ, òtútù kì í sì í jẹ́ kéèyàn mọ̀ pé omi ara ń lọ. Ẹrù 40 páùn ni kó o máa gbé dípò 60, kó o sì fi ìrìn kan kún un. Sọ fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pé AS ni ọ́, fi ibi tí spleen wà hàn wọ́n lára rẹ, kí wọ́n mọ̀ pé tí ibẹ̀ bá ń dùn ọ́, tàbí tí itan àti ẹ̀yìn rẹ bá ṣàdédé fẹ́rẹ̀ẹ́ kọ iṣẹ́, ọdẹ ti parí lọ́jọ́ yẹn, sísọ̀kalẹ̀ ló kù, kí wọ́n sì sọ AS fún dókítà tó bá kọ́kọ́ rí ọ. Ẹ mú ẹ̀rọ tó ń bá sátẹ́láìtì sọ̀rọ̀ dání, kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì níbẹ̀.

Ẹlẹ́sẹ̀ Líle, ẹ bá wa ṣọ́ ọ nínú ooru Houston náà. Ẹ̀jẹ̀ AS àti ooru kì í rẹ́.

Ẹlẹ́sẹ̀ Líle, Houston

Mo ti gbọ́, ẹ̀gbọ́n. Ìdájí nìkan, omi lọ́wọ́, kò sí eré àsápajúdé kankan. Àbúrò, fi ibi tó ò ń gbé ránṣẹ́ sí mi ní ìkọ̀kọ̀, a lè jọ máa gun àtẹ̀gùn náà lọ́jọ́ Sátidé.

Àkànní Òkè Ògùn, Denver

Tó bá rí bẹ́ẹ̀, yí ètò yín padà báyìí. Má bá wọn wa mọ́tò láti Houston lọ tààrà sí ẹsẹ̀ òkè. Wá ní ọjọ́ mẹ́rin ṣáájú. Sun alẹ́ méjì nílé mi ní Denver, ìyàwó mi á se oúnjẹ, a ó máa rìn díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn náà, sun alẹ́ méjì níbi tó ga tó 8,000 ẹsẹ̀ bàtà, kó o máa rìn lọ́sàn-án láìru ẹrù. Kí àwọn yòókù bá ọ níbẹ̀, kẹ́ ẹ jọ wọlé.

Tún wo ìwé rẹ: gbogbo ẹni tí wọ́n bí láti 1949 ló gbọ́dọ̀ ní káàdì ẹ̀kọ́ ọdẹ. Ní sáà ìbọn, aṣọ aláwọ̀ ọsàn tàbí pínńkì tó ń tàn yòò, tó fẹ̀ tó 500 ínṣì níbùú lóòró, gbọ́dọ̀ wà lókè ìbàdí rẹ, fìlà náà gbọ́dọ̀ ní àwọ̀ yẹn. Mo ní fìlà méjì nílé, má ra tìrẹ.